Ẹnu mi gbà, ọkàn mi kọ̀: kí ni n ó ṣe sí ọ̀rọ̀ àǹkóò ẹgbẹ́ wa?

Ìyá Rọ̀fíà (Ìlọrin), ọjọ́ Àìkú, aago 11:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kò sì fọhùn rí, ṣùgbọ́n oorun kọ̀ láti kùn mí lálẹ́ òní, mo sì rò ó pé ó sàn kí n béèrè ju kí n máa wo àjà lọ. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mo ń tà nítòsí Ọjà Ọba, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ Àsálátù kan tí àwa obìnrin bí ogójì máa ń péjọ sí ní ọjọọjọ́ Àìkú. Ní ìpàdé ti òní, ìyá tó ń darí wa sọ pé ọmọ òun yóò ṣe wòlímọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀, pé léèsì ni òun ti yàn fún àǹkóò, àti pé ₦45,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ ọ̀tún, bóyá ó tẹ́ wa lọ́rùn. Gbogbo àwọn tó ṣáájú mi ló ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Kí ó tó kàn mí, àyà mi ti ń lù kìkìkì, ọwọ́ mi tutù, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Mo ti pinnu pé n ó sọ pé kò sí owó. Nígbà tí ó kàn mí, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni pé, "Ó dára gan-an ni, màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣojú gbogbo wa."

Owó tó wà lọ́wọ́ mi, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni. Nígbà tí mo délé, Rọ̀fíà da omi díẹ̀ sílẹ̀, mo sì pariwo mọ́ ọn débi pé ẹkún ni ọmọ náà sun sùn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Ìbòrí ₦3,000 ni a fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó di abáyà ₦18,000 nígbà Iléyá, ó ti wá di léèsì báyìí. Kí ló dé tí ẹnu mi fi ń gba ohun tí ọkàn mi kọ̀? Kí ni mo sì lè ṣe kí ó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tí wọn yóò gba ìdajì owó náà?

Bàbá Káfí (Adéwọlé), ọjọ́ Ajé, aago 6:05 àárọ̀

Àyà ló já yín. Kò sí ohun tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá ní owó a sọ pé òun kò ní, ilẹ̀ á sì mọ́. Ẹ̀yin obìnrin ni ẹ máa ń sọ aṣọ di ẹrù tí ẹ ó fọwọ́ ara yín gbé rù, tí ẹ ó sì wá máa wá ẹni tí yóò bá yín sọ̀ ọ́.

Tíṣà Òmù-Àrán, aago 7:20 àárọ̀

Bàbá Káfí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ti obìnrin nìkan. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n kọ́ wa nípa Solomon Asch, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, tí ìdánwò rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1951. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ sínú yàrá kan, ó fi ìlà kan hàn wọ́n, ó sì ní kí wọ́n sọ èyí tó gùn tó o nínú ìlà mẹ́ta mìíràn. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Àṣírí ibẹ̀ ni pé gbogbo wọn ti bá Asch dì í, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn sókè, gbogbo wọn á sì tọ́ka sí ìlà tí kò tọ́. Tí ó bá wá kan ẹni tí kò mọ̀ yìí, tí ojú rẹ̀ sì rí òótọ́ kedere, kí ni ẹ rò pé ó ń sọ? Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló gba irọ́ tí àwùjọ pa. Ọkùnrin ni gbogbo wọn o, Bàbá Káfí, ìlà orí páálí lásán ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe ojú ìyá tó ń ṣáájú ẹni nínú àdúrà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bi yín, Ìyá Rọ̀fíà: sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹnì kan bá jókòó láti wá ọ̀nà tí ogójì ènìyàn yóò fi gbà láìjanpata, n kò rò pé yóò rí èyí tó dára jù ú lọ. Àwọn àgbà wa ti rí i tipẹ́ kí Asch tó dé, àwọn tó ní bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Táńkẹ̀, aago 8:02 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Mo fẹ́ tún ibì kan ṣe níbẹ̀, kí Ìyá Rọ̀fíà má baà rò pé kò sí ẹni tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ẹ sọ, àwọn tó gbà fún àwùjọ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, ni. Ìgbà méjìlá ni àwùjọ mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí a bá sì ka gbogbo ìdáhùn pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló tẹ̀lé irọ́ náà. Òótọ́ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn náà kò sì gbà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tó kan ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyí, màmá. Nígbà tí Asch fi ẹnì kan sáàárín wọn tó ń sọ òótọ́, ẹnì kan péré, ìtẹ̀lé náà já wálẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń dán wò kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí ìwé dípò kí ó sọ ọ́ sókè, ó dínkù púpọ̀ bákan náà. Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ọdún 1993, Deborah Prentice àti Dale Miller tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọtí mímu láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Princeton. Wọ́n rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbà pé ọtí náà kò ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lára tó bí ó ṣe ń ni òun lára. Oníkálùkù ń wo ojú èkejì, ojú náà sì jọ ojú ẹni tó gbà. Nítorí náà, bí ogójì obìnrin bá pàtẹ́wọ́, ẹ má ṣe kà á sí pé ogójì ọkàn ló gbà. Lójú ẹni tó jókòó tẹ̀lé yín, ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó gbà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ọ̀fà), aago 12:30 ọ̀sán

Bí ẹ ti ń sọ ọ́ yìí, ẹni tó bá gbọ́ yóò rò pé ọ̀tá ni ẹgbẹ́ jẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ obìnrin kan, mo sì mọ ohun tí aṣọ náà ń ṣe. Nígbà tí ọkọ mi kú, n kò mọ ẹni tó se oúnjẹ, n kò mọ ẹni tó sanwó mọ́tò àwọn àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, mo kàn ń rí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ kan náà ní gbogbo kọ̀rọ̀ ilé ni, mo sì mọ̀ pé n kò dá nìkan wà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ àwọn tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí wọn kò sì ní tún fojú kan ara wọn mọ́, wá fi wọn tiwa. Ẹni tó bá dáhùn òdì sí ìlà orí páálí, kò ní pàdánù ohunkóhun. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹgbẹ́, yóò pàdánù.

Ṣùgbọ́n ti kíkọ sórí ìwé yẹn, mo lè jẹ́rìí sí i. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìjà ń bọ̀ lórí àǹkóò nínú ẹgbẹ́ tiwa, mo sì dábàá pé kí oníkálùkù kọ ohun tí agbára rẹ̀ ká sínú bébà, kí ó ká a, kí ó sì jù ú sínú abọ́, láìkọ orúkọ. Ju ìdajì wa lọ ló kọ pé gèlè nìkan ni àwọn lè rà. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni alága wa. Ó ní òun náà wà lára wọn, pé owó èlé ni òun fi ra ti ìṣáájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Táńkẹ̀, aago 12:51 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, màmá Akọ̀wé. Ní ọdún 1996, Rod Bond àti Peter Smith kó irú ìdánwò Asch bẹ́ẹ̀ 133 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, wọ́n sì rí i pé níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ayé àjọgbé, ìtẹ̀lé àwùjọ ga ju ti ibi tí oníkálùkù ti ń dá ti ara rẹ̀ rò lọ. Èmi kò ka ìyẹn sí àìlera. Iye tí kíkọ̀ ń náni níbí ló pọ̀ jù.

Oníléèsì Gáà Àkànbí, aago 3:15 ọ̀sán

Èmi ni mo ń ta irú aṣọ yìí fún àwọn ẹgbẹ́, n kò sì ní purọ́ fún yín. Kò sí ọlọ́jà tó gbọ́n tó ń fi léèsì olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun. Ìbòrí ni à ń fi bẹ̀rẹ̀, tàbí fìlà, ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tijú láti sọ pé òun kò lè rà. Tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ti di ẹgbẹ́ tó ń wọ àǹkóò nìyẹn, àwọn fúnra wọn ni yóò wá béèrè èyí tó tóbi. ₦3,000, ₦18,000, ₦45,000: mo mọ àkàbà yẹn dáadáa. Ẹ wádìí bóyá ẹni tó yan aṣọ náà ní èrè kan níbẹ̀, nítorí pé ó máa ń wà.

Tíṣà Òmù-Àrán, aago 4:40 ìrọ̀lẹ́

Oníléèsì ti sọ tiwọn láìka ìwé kankan. Jonathan Freedman àti Scott Fraser dán an wò ní Kalifọ́níà, ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 1966. Wọ́n ní kí àwọn onílé gba pátákó ńlá kan tí kò wuyì rárá sí iwájú ilé wọn, èyí tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kí wọ́n rọra. Àwọn tó gbà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún ní bébà kékeré lásán láti lẹ̀ mọ́ fèrèsé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà kan náà, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó gbà.

Ti èrè tí ẹ sọ yẹn, n kò bá yín lọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Ìyá Rọ̀fíà mú ìfura tí kò ní ẹ̀rí wọ ilé ìyá tó ń darí wọn.

Nọ́ọ̀sì Àjàsẹ́, aago 9:10 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mo sì rí i pé ẹ ti gbàgbé ara obìnrin náà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìwádìí. Àyà tó ń lù, ọwọ́ tó tutù, ẹnu tó gbẹ, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Nígbà tí ọpọlọ bá rò pé ewu dé, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré kan tó jókòó lé kíndìnrín lórí, èyí náà á sì tú omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré. Ẹ̀jẹ̀ á kúrò ní awọ ara àti nínú ikùn, á gba inú iṣan ẹsẹ̀ àti apá lọ, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń tutù, itọ́ á sì gbẹ nítorí pé ara kò ráyè ti oúnjẹ ní àkókò náà. Walter Cannon, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1915, pé ìjà tàbí ìsá ni ara ń múra sílẹ̀ fún. Ìṣòro tiyín ni pé ẹ kò lè bá ìyá ẹgbẹ́ jà, ẹ kò sì lè sá kúrò lórí ẹní. Ara ti di àmùrè, kò sí ibi tó ń lọ.

Omi ara mìíràn tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, òun sì máa ń pẹ́ kí ó tó lọ. Bí ẹ bá wá jókòó ní aago mọ́kànlá alẹ́ tí ẹ ń rò ó lọ, tí ẹ ń rò ó bọ̀, ara kò mọ̀ pé ìpàdé ti túká. Rọ̀fíà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ara tó ti gbóná láti òde kì í mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ohun tó bá kọ́kọ́ kan án ló máa ń gba ìbínú náà. Dolf Zillmann ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí irú èyí láàárín àwọn ọdún 1970. Ẹ bẹ ọmọ náà, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe nítorí omi.

Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò ní bá yín sanwó aṣọ o, ṣùgbọ́n ọkàn á rọra lù. Kí ẹ sì lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára, gègè, ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn ló lè mú ọkàn lù tàbí kí wọ́n bá a rìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àníyàn bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Ṣàkírà T., aago 9:34 alẹ́

Èmi o, bí inú bá bí mi báyìí, iyán ni mo máa ń gún. Mo máa ń fi ọmọ odó lu odó bí ẹni pé orí ẹni tó bí mi nínú ni, ara mi á sì fúyẹ́.

Tíṣà Òmù-Àrán, aago 9:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ṣàkírà, iyán yín á kúnná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìbínú yín ń bà mí. Ní ọdún 2002, Brad Bushman tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí àwọn tí wọ́n ti bí nínú ti ń lu àpò ìjà, tí wọ́n sì ń ro ẹni tó bí wọn nínú bí wọ́n ti ń lù ú. Àwọn gan-an ni inú ṣì ń bí jù, àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ tí wọn kò ṣe nǹkan kan sàn jù wọ́n lọ. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ènìyàn fi orúkọ pe ohun tó ń ṣe é. Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ ní ọdún 2007, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn bá sọ orúkọ ìmọ̀lára tó wà lójú ẹni inú àwòrán, ibi tó ń ké gbàjarè nínú ọpọlọ máa ń rọlẹ̀. Ìyá Rọ̀fíà, kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe yín ní tòótọ́, ẹ̀rù ni àbí ìbínú?

Ṣàkírà T., aago 9:52 alẹ́

Mo ti gbọ́. N ó ṣáà máa gún iyán mi.

Alfa Kékeré, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:58 àárọ̀

Àsàlámù àlékúmù. Tíṣà, kì í ṣe ẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìbínú. Ìtìjú ni, kò sì yẹ kí a kà á sí àléébù fún obìnrin náà, nítorí pé ẹni tí kò nítìjú kò ní rí ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣòro. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ìnákúnàá, ó sì pa ìjíròrò láṣẹ láàárín wa, ṣùgbọ́n ìjíròrò kì í ṣe kí a gbé ìpinnu tí a ti ṣe tán wá, kí a wá máa ka orí àwọn tó gbà.

Àmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́ lójú àwùjọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbà á lójú àwùjọ, ìyá náà yóò ní láti gbèjà ara rẹ̀, àwọn ìyókù yóò sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ bá a nílé ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì sọ pé: "Màmá, mo wá tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ Àìkú, mo fi ẹnu gba ohun tí apá mi kò ká. Wòlímọ̀ ọmọ yín, ọmọ mi náà ni, n ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, n ó sì bá yín dáná. Léèsì ni n kò lè rà." Ẹ má ṣe ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àlàyé bá ti pọ̀ ni wọ́n ti ń rí ààyè dá ènìyàn lóhùn.

Bàbá Káfí (Adéwọlé), aago 7:30 àárọ̀

Ẹni tí kò jẹ gbèsè, kí ló fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ tún ń kọ́ ọ ní ohun kan náà.

Alfa Kékeré, aago 7:44 àárọ̀

Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó tún bá wọn jókòó lórí ẹní kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ọ̀fà), aago 8:15 àárọ̀

Mo fara mọ́ ti Alfa, àfi ibì kan. Kí ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tí ẹ jọ ń jókòó sọ̀rọ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má bi í pé ṣé aṣọ náà dùn mọ́ ọn, nítorí yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ tiyín fún un ná, kí ẹ sì dákẹ́.

Ìyá Rọ̀fíà (Ìlọrin), ọjọ́ Àìkú kejì, aago 8:20 alẹ́

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ṣe bí Akọ̀wé ti wí. Mo sọ tèmi fún obìnrin tí a jọ máa ń jókòó, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun ti gbé ẹ̀gbà ọrùn òun lọ fún ẹnì kan kí òun lè fi yá owó. Àwa méjèèjì la jọ lọ ní ọjọ́ Àlàmísì. Ní tòótọ́, inú ìyá wa kò dùn. Ó ní tí a bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò sọ ọ́ ní ìpàdé, n kò sì rí èsì fún un, nítorí òótọ́ ló sọ. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹni tí kò lè ra léèsì ra gèlè rẹ̀, ₦9,000. Ní ìpàdé òní, òun fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀, àwọn mọ́kànlá mìíràn sì gba gèlè. Àwọn méjì kan kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Ìyẹn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ti ń kọ èyí, n kò fẹ́ fi pamọ́.

Alfa sọ ọ́ re, ìtìjú ni. Mo bẹ Rọ̀fíà, ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì, mo wọn ìfúnpá mi ní ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní 148 lórí 94. Ṣé ti aṣọ náà ni?

Nọ́ọ̀sì Àjàsẹ́, aago 9:02 alẹ́

A kò lè fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní kà á sí ti aṣọ. Ó ti kọjá 140 lórí 90, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀túnla, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má mu kọfí tàbí kí ẹ jẹ obì ṣáájú, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó dì í mọ́ yín lápá, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì sì kan ilẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ kó o lọ fún dókítà. Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ojú yín ń ṣú, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ má dúró de ọ̀túnla, ẹ lọ lálẹ́ òní.